Ìrẹsì Ọ̀fadà àti Àwọn Ìdílé Tí Wọ́n Sọ Ọ́ Di Olókìkí

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá lónìí, tí ó sì rí bí ilé ti ṣù mọ́ ilé láti Ibafo dé Mowe, kò lè tètè gbà pé ẹ̀yìn àwọn ilé wọ̀nyí gan-an, níbi tí títì kan ti yà ní Mowe, ni ìlú kékeré kan wà tí àwọn alásè ń pe orúkọ rẹ̀ láti Èkó títí dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀fadà ni ìlú náà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí. Ogun kọ́ ni ó gbé orúkọ rẹ̀ ga, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọrọ̀ ọba. Ìrẹsì ni, ìrẹsì tí baálé gbìn, tí ìyàwó rẹ̀ bọ̀, tí àwọn ọmọ wọn sì lé ẹyẹ kúrò lórí rẹ̀.

Bí irúgbìn náà ti ṣe débẹ̀, ẹnu àwọn àgbà kò kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n mú un wá. Àwọn mìíràn ní àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ jagun ní Burma nígbà ogun Hitler ni wọ́n dì í sápò bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní 2,000 ọdún tí àwọn ènìyàn dúdú ti ń gbin ìrẹsì tiwọn létí Odò Ọya ní ilẹ̀ Mali, àwọn onímọ̀ tí wọ́n sì yẹ irú Ọ̀fadà wò rí i pé àdàlù ni, tí ẹ̀yà ti Éṣíà pọ̀ nínú rẹ̀, tí ẹ̀yà ti Áfíríkà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní tèmi, àdàlù yìí kò bu ìrẹsì náà kù rárá, nítorí ohun tí ó ń fi hàn ni pé olúkúlùkù ìdílé ni ó ń tọ́jú irú tirẹ̀ láti ọdún dé ọdún, láìsí ilé ìtajà kankan tí ó ń tà á fún wọn.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń gbìn ín sí, òjò nìkan ni ó sì ń bomi rin ín. Bí ó bá ti yọ orí, tí ẹyẹ ẹ̀gà gbọ́ òórùn rẹ̀, àwọn ọmọdé a di olùṣọ́ oko láti òwúrọ̀ kùtùkùtù títí di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ariwo àti kànnàkànnà. Nígbà ìkórè, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: wọ́n a ṣe àáró, tí gbogbo wọn yóò ṣe ti ẹnì kan lónìí, tí wọn yóò sì ṣe ti ẹlòmíràn lọ́la, irú àáró kan náà tí Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà fi kó àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá jọ kí ó tó kó wọn dìde sí agbára Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kàn àwọn obìnrin, tí adùn ìrẹsì náà wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, tí omi náà á fi kan. Nínú omi kíkan yìí ni púpọ̀ nínú òórùn tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ti ń wá. Wọ́n a wá bọ̀ ọ́, wọ́n a sá a, wọ́n a gún un nínú odó kí ẹ̀rọ tó dé, wọ́n a sì fi atẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Nítorí pé ilẹ̀ ni wọ́n ń sá a sí, òkúta a máa bá a wọlé.

Òkúta àti òórùn yìí ni wọ́n fi ṣáátá rẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, ìrẹsì funfun òkè òkun gba tábìlì gbogbo ẹni tí ó rí já jẹ, Ọ̀fadà sì di oúnjẹ ará oko. Ní 1985 ìjọba ológun fòfin de ìrẹsì òkè òkun, òfin náà sì dúró di 1995. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ni ó dá ògo Ọ̀fadà padà bí kò ṣe ọbẹ̀. Ọbẹ̀ ayamáṣe, tí a gbọ́ pé Ìkẹ́nnẹ́ ni orísun rẹ̀, tí a fi ata tútù, irú àti epo pupa tí a yọ́ títí ó fi ṣí àwọ̀ sè, ni ó gbé e lọ síbi àríyá, nínú ewé eéran, tí àwọn ọlọ́lá fi ń tò láti gbà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ ní 1978, ilẹ̀ tí ó yí Mowe ká ti ń di ilé, oko bàbá sì ti ń di púlọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni ìrẹsì tí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà Ọ̀fadà ń jẹ́ Ọ̀fadà lọ́jà. Ẹ̀yin ìdílé tí ẹ ṣì ní oko lẹ́yìn Mowe, ẹ má ṣe ta gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rà á ní kóńgò, ẹ bi alájàpá léèrè oko tí ó ti rà á, kí ẹ sì san owó tí ó tó fún ẹni tí ó mú un wá láti Ọ̀fadà.