Ohun Tí Ọ̀nà Márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì Ná Àwọn Ará Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkòkòmáíkò

Kí ọ̀nà márosẹ̀ tó dé, omi ni ọ̀nà àwọn Àwórì tó tẹ Ọ̀jọ́ dó. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ẹja àti àgbọn láàárín Àgbádárìgì àti Èkó. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì kún ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n la ọ̀nà ọlọ́dà ńlá gba ilẹ̀ náà kọjá lọ sí ẹnu ibodè Sèmè. Ète rẹ̀ tayọ Ọ̀jọ́. Ní 1975 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS ní Èkó, ọ̀nà yìí sì wà lára èyí tí yóò so Èkó pọ̀ mọ́ Kútọnu, Lomé, Accra àti Abidjan. Ẹni tó ń lọ jìnnà ni wọ́n là á fún.

Síbẹ̀, ọ̀nà a máa fa èrò. Gbàgede Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé ṣí ní 1977, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó dé ní 1983, ọjà Alábà sì gbilẹ̀. Ilẹ̀ wọ́n, ilé pọ̀, ọ̀nà kò gbòòrò sí i.

Ní 2009, ìjọba Gómìnà Babatunde Fashola bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti sọ ọ̀nà náà di èyí tí ìlà ọkọ̀ 10 yóò máa gbà, pẹ̀lú ojú irin kìlómítà 27 láti Marina dé Òkòkòmáíkò. Àṣejù kọ́. Ọ̀nà tí tírélà Sèmè, dánfó, ọ̀kadà àti ẹlẹ́sẹ̀ jọ ń dù kò lè gba èrò ibẹ̀ mọ́.

Àkókò ni ìṣirò náà ti wọ́. Owó kọ̀ǹkéré àti irin ni a máa ń kọ sí apá ìnáwó. Ọdún tí iṣẹ́ fi ń falẹ̀ kì í sábà ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó wọ yunifásítì náà ní 2009 fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin jáde kí iṣẹ́ tó parí, iṣẹ́ ọ̀hún sì gba ọwọ́ Fashola bọ́ sọ́wọ́ Akinwunmi Ambode, kó tó kan Babajide Sanwo-Olu. Onílé àti onísọ́ọ̀bù tí wọ́n wó ilé rẹ̀ létí títì san tirẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn tó kù ń san án díẹ̀díẹ̀, nínú owó ọkọ̀ àti sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Bí Òkòkòmáíkò bá dí, awakọ̀ a yà gba Ìba lọ sí Ìgàndò. Ìnira ọ̀nà kan a di ti méjì.

Ọ̀rọ̀ ààbò ló le jù. Ọ̀nà tó gbòòrò ń mú kí ọkọ̀ yára, ó sì ń mú kí ẹlẹ́sẹ̀ pẹ́ lójú títì kó tó rékọjá. Nítorí náà, afárá ẹlẹ́sẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi kún iṣẹ́ tó ti parí. Ó yẹ kó ṣáájú ọ̀dà. Láti 1988 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà, Wole Soyinka sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Àmọ́ òfin wo ni ẹ̀ṣọ́ fẹ́ fi mú awakọ̀ níbi tí apá kan ọ̀nà ti di kòtò, tí àlọ àti àbọ̀ jọ ń gba apá kejì?

Ní oṣù kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina. Kìlómítà 13 ló rìn. Máìlì 2 ló dúró sí. Òkòkòmáíkò, tí wọ́n fi ṣe òpin ọ̀nà nínú ètò 2009, ṣì jìn sí ibẹ̀ ní kìlómítà 14, dánfó sì ni èrò wọ̀ láti parí ìrìn náà.