Ọ̀tìn àti Àṣírí Ara: Ìtàn Àràmàǹdà ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, àti Ìtàn Akọsákọ àti Abosábo nínú Ìwé Òde Òní

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní àyíká Ìkìrun. Nígbà tí àwọn tí a ṣẹ́gun ń sá lọ, odò Ọ̀tìn ni wọ́n bá níwájú. Ọ̀nà kò sí mọ́, wọ́n sì bẹ́ sínú omi. Ẹni tí odò gbé lọ pọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Àwọn òpìtàn, láti orí Samuel Johnson tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1921, ka odò yìí sí omi lásán tó dínà mọ́ ogun. Àwọn ará Ìnísà àti Òkukù kò kà á bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ènìyàn ni odò náà kí ó tó di omi. Obìnrin ni, jagunjagun sì ni.

Orí èrò yìí, pé ara ènìyàn lè yí padà di ohun mìíràn, ni àpilẹ̀kọ yìí dúró lé. Pàápàá láti ọdún 2014, àwọn òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn tí òbí wọn ti Nàìjíríà wá, ń kọ ìtàn àràmàǹdà àti ìtàn onísáyẹ́ǹsì nípa ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, àti ẹni tí kò gbà pé akọ tàbí abo nìkan ni òun. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé: ṣé inú àṣà ni wọ́n ti mú un, àbí òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti yàrá ìkàwé nìkan, nítorí ọ̀rọ̀ "àṣà wa" wà lára ohun tí a fi ń ti òfin lẹ́yìn nínú ọ̀ràn yìí. Agbègbè Odò-Ọ̀tìn ní ẹ̀rí tí a lè fi dán ìbéèrè náà wò, bí a kò bá ti béèrè ju ohun tí ẹ̀rí ọ̀hún lè sọ lọ.

Ìtàn Ọ̀tìn kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí Ìnísà dì mú ni pé ọmọ Ọ̀tan ni Ọ̀tìn, pé ó wá sí Ìnísà, ó gbèjà ìlú náà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá tó fẹ́ kó o, ó sì di odò níkẹyìn. Nínú ẹ̀dà yìí, iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ ọkùnrin ni obìnrin ṣe. Ìlú kò bá a wí, ńṣe ni ìlú ń bọ ọ́. Ẹ̀dà kejì rìn jìnnà ju ìyẹn lọ. Ó ní ọmú mẹ́rin ni Ọ̀tìn ní, pé aṣọ ni ó fi ń bo àyà rẹ̀, àti pé ẹni tó sún mọ́ ọn gírígírí nìkan ló mọ̀. Nígbà tí àṣírí náà tú, ìtìjú lé e jáde. Ó sá, ó ń sá, títí ó fi di omi. Ẹ̀dà yìí ré òkun kọjá. Ní Brazil, Reginaldo Prandi tẹ ìtàn Otim ọlọ́mú mẹ́rin sínú Mitologia dos Orixás ní 2001.

Ohun tó yẹ kí òǹkàwé fara balẹ̀ wò nínú ẹ̀dà kejì ni ibi tí ẹ̀bi wà. Ìtàn náà kò sọ pé ọmú mẹ́rin jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kò pe babaláwo wá kí ó wo Ọ̀tìn sàn, kò sì sọ pé òrìṣà kan ń bínú sí i. Níwọ̀n ìgbà tí àṣírí wà ní bíbò, Ọ̀tìn ń jẹ, ó ń mu, ó ń gbé láàárín ènìyàn. Ẹnu tí kò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ ló ba nǹkan jẹ́. Ẹni tí kò rí àyè gbé nígbà tó jẹ́ ènìyàn wá di ẹni tí à ń wólẹ̀ fún nígbà tó di omi. Àwọn kan lè pe ìyẹn ní ìtùnú. Ẹ̀san tó pẹ́ dé ni, kí a má tan ara wa jẹ.

Síbẹ̀, a kò lè fi Ọ̀tìn ṣe ẹ̀rí pé irú àwọn ènìyàn tí ìwé òde òní ń sọ nípa wọn gbé ní Ìnísà láyé àtijọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ń sọ ohun tí ìlú lè fojú inú rí fún wa. Kò ka orí ènìyàn inú ìlú fún wa. Irú ìṣọ́ra kan náà ni ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ń fẹ́. Ní Òkukù, ní Ìkìrun, àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yóò máa pe gbogbo ọmọ tí a ti bí sínú ilé náà kí òun tó dé ní ọkọ, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Obìnrin ń pe obìnrin ní ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí gbé irú ẹ̀rí yìí kalẹ̀ nínú The Invention of Women (1997), láti fi hàn pé ipò àgbà ló ń ṣètò ìbágbépọ̀ kí àwọn òyìnbó tó dé, kì í ṣe akọ àti abo. Ó tọ̀nà dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi "ọkọ" yìí ṣe ẹ̀rí ìfẹ́ abosábo ti bẹ́ sínú odò bí àwọn ará Jálumi; ipò nínú ẹbí ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibùsùn.

Ẹ̀rí oríkì wúlò ju ìyẹn lọ. Karin Barber gbé ní Òkukù láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1979, ó sì gbé I Could Speak Until Tomorrow jáde ní 1991. Ó fi hàn pé àwọn obìnrin ilé ni ọ̀pọ̀ oríkì ìlú náà wà lọ́wọ́ wọn, àti pé "èmi" inú oríkì kì í dúró sójú kan. Ó lè jẹ́ ohùn apohùn nísinsìnyí, kí ó di ohùn ẹni tí à ń kì láìpẹ́, kí ó tún di ohùn baba ńlá tó ti kú tipẹ́. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé kí obìnrin náà kọ́kọ́ tọrọ àyè kí ó tó sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Bí ìwé òde òní bá ní baba ńlá ní Òkukù, ibí yìí ni ó wà: nínú ọgbọ́n ìsọ̀rọ̀.

Ní ti ẹlẹ́gùn Ṣàngó tó ń di irun bí obìnrin, àríyànjiyàn rẹ̀ ti pọ̀ jù. J. Lorand Matory (1994) rí ìtumọ̀ ìyàwó òrìṣà nínú rẹ̀. Oyěwùmí kò gbà fún un. A lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fagunwa jáde ní 1938, ara tó ń yí padà wọ inú ìwé títẹ̀. Amos Tutuola gbé e lọ sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1952 nínú The Palm-Wine Drinkard. Ṣùgbọ́n ara iwin àti ẹbọra ló ń yí jù lọ níbẹ̀. Ní ilé ènìyàn, ọkọ àti aya wà ní àyè wọn.

Òfin ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1916 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ohun tó pè ní ìbálòpọ̀ tó lòdì sí ìṣẹ̀dá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mú un wá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ tiwọn ní ilé wọn ní 1967; ti Nàìjíríà kò dẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin mìíràn: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ìgbéyàwó akọsákọ tàbí abosábo, ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ tàbí tó fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ó yani lẹ́nu pé nínú òfin kejì yìí, fífi hàn ní gbangba jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú ìtàn Ọ̀tìn, ẹni tó tú àṣírí ló ṣẹ̀; nínú òfin, ẹni tí àṣírí rẹ̀ tú ni.

Ọdún 2014 náà ni Lagoon ti Nnedi Okorafor jáde. Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Àlejò kan láti òde ayé jáde láti inú òkun, ó gbé àwọ̀ obìnrin wọ̀, a sì ń pè é ní Ayọ̀délé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan, Black Nexus, tí wọ́n jẹ́ olùfẹ́ akọsákọ àti abosábo, rí i pé ẹni tó ń yí ara padà dé, wọ́n sì rò pé àkókò tó fún àwọn náà láti jáde sí gbangba. Ọwọ́ ènìyàn ni Ayọ̀délé ti jìyà. Níkẹyìn ó di ìkùukùu tí àwọn ará Èkó fà símú. Kò sí ìdí láti rò pé Okorafor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, mọ ìtàn Ìnísà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ nípa Ọ̀tìn rí yóò mọ ọ̀nà náà. Akwaeke Emezi gba ọ̀nà mìíràn nínú Freshwater (2018): àwọn ẹ̀mí inú Ada ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń pe ara wọn ní "àwa", ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọkùnrin. Ọ̀gbáǹje ni Emezi fi ṣe ìpìlẹ̀, èyí tí àbíkú sún mọ́. Nínú Vagabonds! (2022), Eloghosa Osunde sọ Èkó fúnra rẹ̀ di ẹ̀mí alágbára, ó sì kó àwọn tí ìlú kò fẹ́ rí jọ sábẹ́ rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn Àríwá ti 1960 ka ọkùnrin tó múra bí obìnrin ní gbangba mọ́ àwọn tó pè ní vagabond, ọ̀rọ̀ kan náà tó wà lára ìwé Osunde.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì jẹ wọ́n níyà díẹ̀, nítorí nínú èdè náà, a sábà máa ń sọ bóyá akọ ni tàbí abo nígbà tí a bá ń dárúkọ ẹnì kẹta. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ Lagoon sí Yorùbá kò ní ìṣòro yẹn; "ó" kò béèrè. "Ẹ̀gbọ́n" àti "àbúrò" kò béèrè. Ibi tí iṣẹ́ yóò ti le ni ìkíni, nítorí pé ara gbọ́dọ̀ dáhùn níbẹ̀: nígbà tí Ayọ̀délé bá pàdé àgbà, yóò kúnlẹ̀ ni àbí yóò dọ̀bálẹ̀? A lè bi ìtàn Ọ̀tìn ní ìbéèrè kan náà. Nígbà tí obìnrin jagunjagun náà ti Ọ̀tan dé, tó sì wọ ààfin Ìnísà, ẹ̀dà méjèèjì tí a ti gbé yẹ̀ wò kò sọ èwo ló ṣe.