Òkúta Inú Iṣan Ọkàn: Ìtàn Bí Àwọn Dókítà Ṣe Kọ́ Láti Fọ́ Ọ

Dókítà kan ló sọ fún bàbá àgbà mi pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn wọn ti dí, ó sì ti le bí òkúta. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ta ló wá gbé òkúta síbẹ̀?” Ìbéèrè yẹn ló mú mi wá ìtàn yìí.

Kò sẹ́ni tó gbé e síbẹ̀. Kálísíọ̀mù ni, irú èyí tó wà nínú eegun wa. Tí ọ̀rá bá ti pẹ́ lára iṣan, kálísíọ̀mù lè wọ inú rẹ̀, kó sì mú un le. Ọjọ́ orí, ìtọ̀ ṣúgà àti àìsàn kíndìnrín máa ń dá kún un.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Jámánì. Ní 1929, ní ìlú Eberswalde, Werner Forssmann ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan apá ara rẹ̀, ó rìn lọ sí yàrá X-ray, ó sì tì í títí tó fi dé ọkàn rẹ̀. Ní 1956, òun àti àwọn méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án 1977, ní Zurich, Andreas Gruentzig lo rọ́bà tó ní bálúùnù kékeré lórí. Tó bá dé ibi tó dí, bálúùnù á wú, ọ̀nà á sì là. Ní 1986, ní Toulouse àti Lausanne, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi stent sínú iṣan ọkàn. Stent ni àgò kékeré onírin tó ń gbé iṣan dúró kó má baà padà dí.

Ṣùgbọ́n òkúta kì í gbọ́ ti bálúùnù. Tí stent kò bá ṣí dáadáa, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú rẹ̀, ìyẹn sì lè pa èèyàn. Tí dókítà bá sì fi agbára ti bálúùnù jù, iṣan lè ya.

David Auth, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, ṣe ìlu kékeré tí wọ́n fi dáyámọ́ńdì bò lórí. Ó ń yí nǹkan bí ìgbà 140,000 sí 180,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó le ló ń lọ̀. Ibi tó rọ̀ á yẹ̀ fún un. Àjọ FDA fọwọ́ sí i ní 1993.

Ọgbọ́n kejì wá láti ara kíndìnrín. Ní oṣù Kejì 1980, ní Munich, Christian Chaussy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìgbì ìró fọ́ òkúta inú kíndìnrín láìla ara aláìsàn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọgbọ́n yìí wọ inú bálúùnù. Iná mànàmáná á ta nínú omi inú rẹ̀, ìgbì á jáde, òkúta á sán, lẹ́yìn náà ni stent á wọlé. FDA fọwọ́ sí i fún iṣan ọkàn ní oṣù Kejì 2021.

Ti tuntun kò lé ti àtijọ́ lọ o. Ibi tí bàbá àgbà mi ti dí há débi pé bálúùnù kò lè kọjá, nítorí náà ìlu ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bàbá ti padà sílé báyìí, wọ́n sì ń bi mí bóyá dókítà tọ́jú dáyámọ́ńdì wọn pamọ́.