Àlìjẹ́bírà, Ọjọ́ Ọjà àti Ọmọ Parakou

Ọmọ wa tó ń kọ́ ìṣirò ní yunifásítì á ní àlìjẹ́bírà lòún ń kà. Bí ẹ bá ṣí ìwé rẹ̀, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí nọ́ńbà níbẹ̀, lẹ́tà àti àmì ló kún un. Ìṣirò ni ṣá o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé-kéwú á ti gbọ́ Lárúbáwá nínú orúkọ yẹn: al-jabr. Ó wà nínú àkọlé ìwé tí al-Khwarizmi kọ ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820. Nígbà náà, wíwá nọ́ńbà tó fara sin ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Faransé kan, Évariste Galois, tí wọ́n yìnbọn pa lọ́mọ ogún ọdún ní 1832, wà lára àwọn tó yí i padà. Òfin tí nǹkan fi ń dàpọ̀ mọ́ra ló gbájú mọ́.

Ẹ wo ọjà ọrọọrún. Fi ọjọ́ mẹ́ta kún ọjọ́ ọjà, tún fi ọjọ́ kan kún un, o ti padà sí ọjọ́ ọjà. Kò sí iye ọjọ́ tó o fi kún un tí kò ní ìkejì tó máa dá a padà. Ohun tí wọ́n ń pè ní group nìyẹn. Bí ọjọ́ ọjà bá bọ́ sí Jímọ́ lónìí, ó di ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kí wọ́n tó tún pàdé, torí pé mẹ́rin àti méje kò ní ohun tó lè pín àwọn méjèèjì àfi ení. Àwọn ìyá wa tó ń nájà mọ èyí láìlọ yunifásítì.

Ààlà ló wá pín ẹ̀kọ́ náà sí méjì fún wa. Lápá ọ̀hún, kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ti wà láti 1948. Adegoke Olubummo, ọmọ Orin-Èkìtì, gboyè dókítà ní England ní 1955, ó wá ń kọ́ni n'Ìbàdàn. Banach algebra wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ní Ifẹ̀, A. R. T. Solarin ṣiṣẹ́ lórí loop, ìyẹn group tí a yọ òfin kan kúrò nínú rẹ̀. Lápá tiwa, ọ̀pọ̀ ní láti lọ Dakar tàbí Faransé, torí ọdún 1970 ni yunifásítì Dahomey tó bẹ̀rẹ̀ ní Abomey-Calavi.

Ọ̀gbẹ́ni Jean-Pierre Ezin ló dá IMSP sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1988, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí Abdus Salam, ọmọ Pakistan, dá sílẹ̀ ní Trieste. Dangbo ló wà báyìí. Níbẹ̀ ni èèyàn ti lè gboyè dókítà nínú ìṣirò láìkúrò nílé, tí a bá lè pe Dangbo ní ilé fún ọmọ Parakou! Ọ̀nà tó lé ní 400 kìlómítà ni. Yunifásítì tiwa dé ní 2001, òfin, ọrọ̀ ajé, ìṣègùn àti iṣẹ́ àgbẹ̀ la sì fi mọ̀ ọ́n jù. Owó ọkọ̀ àti owó ilé lápá gúúsù ló ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ ìṣirò dúró, kì í ṣe orí wọn.

Iṣẹ́ Ifẹ̀ nìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Faransé làwọn ọmọ tiwa ń kà. Ṣùgbọ́n àmì ibẹ̀ ò yàtọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ ìṣirò ní Dakar tàbí Calavi láyé ọjọ́un, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ yín, ibo lẹ sì ń gbé nígbà yẹn?