Òkúta Inú Kíndìnrín, Aláboyún, àti Ìbéèrè Alice Stewart

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí òkúta bá ti inú kíndìnrín wá há sójú ọ̀nà ìtọ̀ ẹni tí kò lóyún, dókítà lè ní kó lọ ya àwòrán CT, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ fọ́ òkúta náà láti ìta ara. Bó bá jẹ́ aláboyún ni, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ìtàn ló kọ́ àwọn oníṣègùn ní ìṣọ́ra yẹn.

Lóṣù kọkànlá ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen ṣàwárí X-ray ní Würzburg, ní Jámánì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1896, John Macintyre ti fi ya àwòrán òkúta inú kíndìnrín ní Glasgow, ní Scotland. Ayé gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1950, wọ́n ti ń ya X-ray fún aláboyún bí ẹni ń mumi: wọn a fi wo bí ọmọ ṣe dùbúlẹ̀, bóyá ìbejì ni, àti bí egungun ìbàdí ìyá ṣe fẹ̀ tó.

Nígbà náà, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń pa ọmọdé, wọn ò sì mọ ìdí. Alice Stewart, dókítà kan ní Oxford, rí owó ìrànwọ́ gbà, £1,000 péré. Ó kọ ìbéèrè sínú ìwé, ó fi ránṣẹ́ sáwọn dókítà ìjọba ìbílẹ̀ káàkiri, pé kí wọ́n lọ bi àwọn ìyá tí jẹjẹrẹ pa ọmọ wọn, kí wọ́n sì bi àwọn tí ọmọ wọn wà láàyè: kí ni wọ́n ṣe fún yín nígbà tẹ́ ẹ wà nínú oyún? Èsì jáde ní 1956 àti 1958. Ọmọ tí wọ́n ya X-ray ikùn ìyá rẹ̀ nígbà tó wà nínú oyún, ewu kí jẹjẹrẹ pa á kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù.

Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ò gbà. Wọ́n ní ìyá tọ́mọ rẹ̀ kú a máa rántí ju ẹlòmíì lọ. Àmọ́ ní 1962, Brian MacMahon lo àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, kò gbára lé ìrántí ẹnikẹ́ni, òun náà sì rí ewu ọ̀hún.

Glasgow kan náà ni ọ̀nà àbáyọ ti wá. Ian Donald mú irú ẹ̀rọ táwọn oníṣẹ́ irin fi ń wá ibi tó sán nínú irin, òun, John MacVicar àti Tom Brown tó jẹ́ ẹnjiníà sì sọ ọ́ di scan. Ìwé wọn jáde ní 1958. Ìró tí etí wa ò lè gbọ́ ló ń lò, kò ní ìtànṣán rárá.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé scan ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe fún aláboyún. Ó ní ìṣòro tiẹ̀: ilé ọmọ a máa tẹ ọ̀nà ìtọ̀, pàápàá lápá ọ̀tún, kíndìnrín á wú díẹ̀ láìsí òkúta kankan. Bí ọ̀rọ̀ ò bá yé wọn, wọ́n lè lo MRI. CT, tó jẹ́ ọmọ ìyá X-ray, ló gbẹ̀yìn, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni wọ́n á lò. Ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta láti ìta ara, tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní Munich ní 1980, kò gbọdọ̀ dé ara aláboyún, torí ó lè pa ọmọ inú lára.

Ọ̀pọ̀ òkúta bẹ́ẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀, bí aláboyún bá ń mu omi dáadáa, tó sì ń lo oògùn ìrora tí dókítà fọwọ́ sí. Bí ibà bá wọ̀ ọ́, tàbí ọ̀nà ìtọ̀ dí pa, wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀ kí ìtọ̀ lè ráyè kọjá. Wọ́n á sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè, torí òkúta tètè ń dì mọ́ ọn lásìkò oyún. Nígbà míì, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ojú wọlé lọ yọ òkúta náà.

Ẹnu àwọn ìyá ni Alice Stewart ti gbọ́ ewu tí ẹ̀rọ ò fi hàn. Torí náà, bí aláboyún bá ní ẹ̀gbẹ́ ń ro òun, tí ibà sì wà níbẹ̀, ẹ má sọ pé oyún ló ń ṣe é. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.