Omi Tó Ń Wọn Agbára: Ìtàn Ìdánwò Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ́ńjìnnì tí kò gbé ẹrù kò tíì sọ bí agbára òun ti tó. Kí ó máa ké lórí àga irin ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì títí ilé yóò fi mì, ariwo lásán ni. Ìgbà tí nǹkan kan bá dì í mú, tí òun náà sì ń jà láti já gbà, la tó lè wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ìdìmú yìí làwọn oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ń pè ní dáìnò. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé wàhálà ọkọ̀ ojú omi ló bí dáìnò tó lè mú ẹ́ńjìnnì ńlá dúró, omi ni wọ́n sì fi ṣe é.

Wọ́n ti ń ta agbára kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n dáadáa. James Watt, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ń ta ẹ́ńjìnnì olóoru fún àwọn tó ti ń fi ẹṣin ṣiṣẹ́, ó sì rí i pé èdè ẹṣin ni wọ́n máa gbọ́. Ó ní agbára ẹṣin kan ni èyí tó lè gbé ẹrù pọ́ùn 33,000 sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní 1821, Gaspard de Prony, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi igi há ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ó na apá gígùn jáde lára igi náà, ó sì gbé ìwọ̀n kọ́ orí apá yẹn. Ìwọ̀n tó bá mú apá náà dúró láì gòkè láì sọ̀ ló ń sọ bí ipá ẹ́ńjìnnì ti tó. Bíréèkì ni. Ṣùgbọ́n gbogbo agbára tí igi bá gbà, ooru ló ń dà, igi a sì máa rú èéfín. Ẹ́ńjìnnì kéékèèké ni irú rẹ̀ lè gbà.

Àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì wọn ni agbára tó wà nínú sílíńdà: ẹ̀rọ kékeré kan ń ya àwòrán bí ooru omi ṣe ń ti písítìnnì, wọn a sì ṣírò láti inú àwòrán náà. Àmọ́ kí agbára yẹn tó dé ìdí ọkọ̀, irin ti gbo irin lójú ọ̀nà, apá kan ti bá ibẹ̀ lọ. Èló ló kù? Ní 1877 ni ìbéèrè yìí dé ọwọ́ William Froude. Ẹni tí omi yé ni. Ní Torquay, nítòsí ilé rẹ̀, ó ti gbẹ́ adágún gígùn kan tó ń fa àwòkọ ọkọ̀ kéékèèké gba inú rẹ̀, kí ó lè mọ bí omi yóò ṣe ṣe sí ọkọ̀ ńlá.

Èrò Froude ni pé kí wọ́n yọ abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ òun sí ipò rẹ̀. Àwo irin kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, àpótí irin sì bò ó. Lára àwo àti lára àpótí, wọ́n gbẹ́ àwọn kòtò bí ìlàjì igbá tí wọ́n kọjú síra, wọ́n wá rọ omi kún un. Bí àwo bá ti ń yí, á ju omi sínú kòtò àpótí, àpótí á dá a padà, omi á máa pòyì láàárín àwọn méjèèjì, á sì fẹ́ gbé àpótí yí. Apá gígùn kan ni kò jẹ́ kí àpótí yí. Bí a bá wọn ipá tó wà lẹ́nu apá yẹn, tí a sì ka iye ìgbà tí ọ̀pá ń yí ní ìṣẹ́jú kan, iye agbára ẹṣin ti délẹ̀ nìyẹn. Kò sí igi tó ń jó. Omi tó gbóná ń jáde, omi tútù ń wọlé, a sì lè fi ẹ́ńjìnnì sórí rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Froude kú ní 1879 ní Simon's Town ní Gúúsù Áfíríkà, àmọ́ iléeṣẹ́ Heenan & Froude gbé irú ẹ̀rọ yìí káàkiri àgbáyé. Àwọn dáìnò olómi tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn eléré ìje ọkọ̀ lónìí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wọ́n.

Derby, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ Rolls-Royce ti kọ́ ẹ́ńjìnnì R fún ìdíje ọkọ̀ òfurufú Schneider ti 1929 àti 1931: lítà 36.7, sílíńdà 12. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta mìíràn, tí wọ́n ń pè ní Kestrel, ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i níbi ìdánwò lórí dáìnò. Gbogbo ìlú ń gbọ́ ọ. Àfojúsùn wọn ni pé kí ó sáré fún wákàtí kan gbáko láì dín epo rẹ̀ kù. Ó ń fọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á tú u, wọ́n á wo ohun tó kán, wọ́n á fi irin tó le jù ú lọ rọ́pò, wọ́n á tún gbé e padà. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ 1931, ó sáré wákàtí náà pé, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 2,350. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní 1929, nǹkan bí 1,900 ni. Iṣẹ́ dáìnò gan-an nìyí: ó ń jẹ́ kí nǹkan fọ́ níbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni.

Lórí omi, ó lè pani. Méjì lára ẹ́ńjìnnì R ni wọ́n fi sínú ọkọ̀ Miss England II. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà 1930, lórí adágún Windermere, Henry Segrave fi ọkọ̀ náà sá máìlì 98.76 ní wákàtí kan, kò tíì sí ẹni tó sá tó bẹ́ẹ̀ lórí omi rí. Ó tún padà lọ, ọkọ̀ sì dà nù. Òun àti Victor Halliwell, oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì tó wá láti Rolls-Royce, ló bá ìjàǹbá náà lọ. Ẹ́ńjìnnì Derby kò kúrò lórí omi lẹ́yìn ìyẹn. Ní 1939 ni Malcolm Campbell fi ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sá máìlì 141.74 ní wákàtí kan lórí adágún Coniston. Ní òdìkejì òkun Àtìláńtíìkì, ní Amẹ́ríkà, Gar Wood ti to ẹ́ńjìnnì Packard mẹ́rin pọ̀ sínú ọkọ̀ Miss America X ní 1932, ó sì kọjá máìlì 120 ní wákàtí kan.

Kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi fi ń fẹ́ ìdánwò tirẹ̀? Mọ́tò a máa sinmi: ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó ń dúró níwájú iná ojú pópó, tó bá sì wà ní ojú ọ̀nà títẹ́jú, díẹ̀ lára agbára rẹ̀ ló ń ná. Ọkọ̀ ojú omi dà bí mọ́tò tó ń gun òkè tí kò lópin. Bí abẹ̀bẹ̀ bá yí ní ìlọ́po méjì, agbára tó ń bèèrè yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í kàn fi ẹ́ńjìnnì sórí dáìnò kó fún un lépo dé òpin ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó sì ya nọ́ńbà tó rí. Irú ìyẹn, ìwé ìpolówó ló wà fún. Ńṣe ló ń jẹ́ kí ẹrù dáìnò máa ga bí abẹ̀bẹ̀ yóò ṣe máa bèèrè, yóò sì dúró pẹ́ ní ibi tó le. Á máa wo ooru sàlẹ́ńsà àti àwọ̀ ẹnu pùlọ́ọ̀gì. Epo tó kéré jù nínú atẹ́gùn, tàbí iná pùlọ́ọ̀gì tó ṣáájú àkókò, lè mú agbára pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n písítìnnì á yọ́ kí ọkọ̀ tó dé àárín ọ̀sà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi epo díẹ̀ lé e, tí wọ́n á sì yọ̀ǹda agbára ẹṣin mélòó kan.

Ohun mìíràn wà tí mo rò pé wọn kì í sọ tó. Lórí dáìnò, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń lo sàlẹ́ńsà gbígbẹ. Nínú ọkọ̀, wọ́n ń da omi sínú sàlẹ́ńsà kí ó lè tutù. Bí fáàfù tó ń jẹ́ kí èéfín jáde àti èyí tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé bá pẹ́ jù ní ṣíṣí papọ̀, bí àwọn eléré ìje ṣe máa ń fẹ́ ẹ, ẹ́ńjìnnì lè fa omi yẹn padà sínú sílíńdà nígbà tó bá ń rọra yí ní èbúté. Ẹ́ńjìnnì tó yege lórí dáìnò á wá ti ibẹ̀ dípẹtà.

Ti ẹ́ńjìnnì tí a ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ni mo fẹ́ fi kún un, irú èyí tó ń gbé èrò kọjá ọ̀sà Èkó lójoojúmọ́. Láti 1909 tí Ole Evinrude ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ ní Milwaukee, agbára ẹṣin kan ààbọ̀, orí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti ń ka agbára. Nínú àwọn ọdún 1980 ni wọ́n yí padà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n ní ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ́yìn tí gíà ti gba tirẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan tí wọn kò fọwọ́ kan nǹkankan nínú wọn wá ń jẹ́ nọ́ńbà tó kéré sí ti àtẹ̀yìnwá. Ìbéèrè Froude ni wọ́n dáhùn yẹn: èló ló kù tó bá dé ìdí ọkọ̀?

Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní dáìnò ní ọ̀nà tirẹ̀. Iléeṣẹ́ máa ń ṣe abẹ̀bẹ̀ ìdánwò fún irú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ iye ìyípo tó yẹ kí ó dé sínú ìwé. Mẹkáníìkì á de abẹ̀bẹ̀ náà mọ́ ọn, á ki ìdí ẹ́ńjìnnì bọ omi, á fi epo sí i dé òpin, á sì wo ago tó ń ka ìyípo. Bí ìyípo bá dé ibi tí ìwé wí, ẹ́ńjìnnì pé. Bí kò bá dé ibẹ̀, á tún ṣí i.