Nígbà tí Ẹ̀rín Kọ̀ tí Kò Wá: Òǹwòran Èkìtì àti Àwàdà Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù tó kọjá, ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó jókòó sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì láti wo àwàdà tuntun kan tí wọ́n ti ń polówó rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iná ìjọba kò sí. Owó ni a dá jọ tí a fi ra epo bẹntiróòlù sí jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀. Eré bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ṣubú lulẹ̀, ó dìde, ó tún ṣubú. Ọ̀gá kan pariwo mọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ náà fi ohùn Èkìtì dá a lóhùn, ẹ̀rín àwọn ènìyàn tí a kò rí sì bú jáde láti inú ẹ̀rọ. Nínú pálọ̀ wa, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Yéye wa, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbé ojú sókè, ó sì béèrè pé, “Ṣé ìròyìn ni wọ́n ń kà ni?” Ìgbà náà ni a tó rẹ́rìn-ín.

N kò ní dárúkọ eré náà. Kì í ṣe òun nìkan ni ó jẹ̀bi, àwọn tí ó ṣe é pàápàá kò sì lè gbọ́ ohun tí Yéye sọ. Àìlègbọ́ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a wo ìtàn rẹ̀. Ìgbà kan wà tí aláwàdà ilẹ̀ Yorùbá kò lè ṣe kí ó má gbọ́ ohun tí òǹwòran ń sọ, ìbáà dùn mọ́ ọn, ìbáà korò.

Àkọsílẹ̀ kan wà láti ọdún 1826 tí ó yẹ kí gbogbo aláwàdà kà. Ní ọdún náà ni Hugh Clapperton, òyìnbó ará Scotland, pẹ̀lú Richard Lander ìránṣẹ́ rẹ̀, dé Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí àwọn àlejò ń pè ní Kàtúńgà. Aláàfin ní kí àwọn eléré ṣe eré fún àlejò. Ìpín mẹ́ta ni eré náà pín sí. Ní àkọ́kọ́, àwọn tí ó wọ inú àpò ń jó, wọ́n ń fò káàkiri. Ní ìkejì, erè ńlá kan jáde láti inú àpò, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ní ìkẹta, nǹkan funfun kan bọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ó rí tínrín bí ẹni tí òtútù fẹ́ pa. Òyìnbó ni! Ó ń fín áṣáà sí imú, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi ara kan ilẹ̀ rí láìwọ bàtà. Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òǹwòran ń yíjú sí òun léraléra, wọ́n ń bẹ òun pé kí òun wò ó dáadáa. Òun náà ṣe bí ẹni pé inú òun dùn tó tiwọn, ó sì gbà pé eléré náà mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ojú méjì ni àwọn ará Ọ̀yọ́ fi ń wòran lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ń wo eléré, èkejì ń wo ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà, láti mọ̀ bóyá ọfà náà bà á. Àwàdà kò tíì parí nígbà tí eléré bá ṣe tirẹ̀ tán. Ó di ìgbà tí agbo bá dáhùn.

(Ní Ìkẹ́rẹ́ níhìn-ín, ẹnìkan náà gbẹ́ àwòrán òyìnbó. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kú ní ọdún 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà. Lára rẹ̀ ni Ògògà ti jókòó pẹ̀lú adé lórí, tí wọ́n sì gbé ọ̀gá òyìnbó kan, Ambrose, wá bá a lórí àkéte ìgbéléjìká. Ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley ní ọdún 1924, kò sì padà wálé mọ́. Ó wà ní British Museum títí di òní. N kò sọ pé àwàdà ni Ọlọ́wẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo bí òyìnbó náà ṣe ká kò sórí àkéte, tí ó tún wo bí ọba ṣe fara balẹ̀ jókòó, yóò mọ̀ pé oníṣẹ́ ọnà náà ní ojú inú.)

Nígbà tí eré ìtàgé òde òní dé, àṣà agbo yìí kò kú. Hubert Ògúndé ṣí ọ̀nà sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1944. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ọmọ Èkìtì kan tẹ̀lé e: Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, olùkọ́ ilé ìwé, tí ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1947. Ògúndé fẹ́ràn ariwo àti ìlù. Ní ti Ògúnmọ́lá, ojú àti ìrìn ara ni ó fi ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1963, òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ọ̀mùtí nínú eré tí a fà yọ láti inú ìwé Amos Tutùọlá, ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọdún 1973 ni ó kú, kò tíì tó ẹni àádọ́ta ọdún.

Bí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ yóò wọ ìlú ní ọ̀sán pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí. Wọn yóò yí ìgboro ká, láti ọjà dé iwájú ààfin, kí wọ́n tó ṣe eré lálẹ́ ní gbọ̀ngàn ìlú tàbí ní ilé ìwé. Owó ẹnu ọ̀nà ni wọn yóò fi jẹun, òun náà ni wọn yóò fi ra epo tí yóò gbé wọn dé ìlú tó kàn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò kọ eré wọn sílẹ̀ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. Wọ́n mọ ìtàn, wọ́n sì ń wá ọ̀rọ̀ sí i lójú agbo. Bí àwọn ará Ìsẹ̀ kò bá rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ kan lónìí, àwọn ará Èmùré kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́la. Bí òwe bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu eléré, àwọn òǹwòran ni yóò parí rẹ̀. Karin Barber, òyìnbó tí ó bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí rìn, tí ó sì bá wọn ṣeré, ti kọ ìwé ńlá lórí bí àwọn òǹwòran ṣe máa ń dá eléré lóhùn láti ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń kìlọ̀ fún un, tí wọ́n ń dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí eré rẹ̀ kò bá dùn yóò gbọ́ “Ṣíọ̀!” kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó korò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ìwé ni.

Ní ọjọ́ 31, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn. Ọ̀nà jìn láti Ìbàdàn sí ìsàlẹ̀ Olósùnta, ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n sì jẹ́ ohun olówó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní gúúsù Èkìtì fi mọ àwọn aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn mìíràn mọ̀ wọ́n nínú ìwé ìròyìn Atọ́ka, èyí tí ó ń fi fọ́tò sọ ìtàn eré. Ìgbà tí ọkọ̀ ẹgbẹ́ bá wọ ìlú ni wọn yóò tó fojú kàn wọ́n.

Nínú gbogbo wọn, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ni ó kọ́kọ́ fi hàn bí a ti í ṣe é. Ọmọ Iléṣà ni. Olórin ni tẹ́lẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ orin rẹ̀, Federal Rhythm Dandies, ni Sunny Adé ti ta gìtá nígbà tí ó ṣì kéré. Lẹ́yìn náà ni ó dá Aláwàdà sílẹ̀, tí ó sì gun orí WNTV pẹ̀lú táì ọrùn tí ó tóbi bí abẹ̀bẹ̀, gíláàsì ojú gbàgàdà, àti aago orí tábìlì tí ó fi kọ́ ọrùn. Ahun ni, ojú ń kán an, inú rẹ̀ sì ń dùn sí ara rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí ni pé Bàbá Sàlá kò fi ojú pópó sílẹ̀ nítorí tẹlifíṣọ̀n. Orí tẹlifíṣọ̀n ni ó ti ń pe àwọn ènìyàn, gbọ̀ngàn ni ó ti ń gba ìdájọ́ wọn. Èyí tí ó bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni yóò gbé padà síwájú kámẹ́rà. Ní ọdún 1982, ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀. Ẹ̀rín wá, owó kò wá. Àwọn olè ti da fíìmù náà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì wọ ọrùn ọkùnrin náà. Ó ti pa á lára gan-an kí ó tó kú ní ọdún 2018.

Àwọn òyìnbó pàápàá mọ̀ pé yàrá tí kò sí òǹwòran nínú rẹ̀ léwu fún aláwàdà. Ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ẹlẹ́rọ ohùn kan ní Amẹ́ríkà, Charley Douglass, ṣe ẹ̀rọ kan tí ó kó oríṣiríṣi ẹ̀rín sínú. Ẹni tó jókòó tì í yóò tẹ ibi tí ó fẹ́: ẹ̀rín jẹ́jẹ́, ẹ̀rín àrínkú, ẹ̀rín obìnrin kan ṣoṣo. Ẹ̀rín àkójọ yìí ni a ń gbọ́ títí di òní nínú àwàdà tiwa náà. Ẹ wo bí ayé ṣe yí padà! Ní Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn òǹwòran ni ó ń sọ fún àlejò pé kí ó rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ ni ó ń sọ fún àwọn òǹwòran.

Òǹwòran kò dákẹ́ ṣá o. Ilé nìkan ni ó kù tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí The Village Headmaster ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n láti ọdún 1968, ènìyàn mẹ́ta ni ó ṣe ọ̀gá ilé ìwé náà tẹ̀lé ara wọn: Ted Mukoro, Fẹ́mi Robinson, àti Justus Esiri. Mo rántí àwọn àgbàlagbà tí ó ṣì ń bínú nítorí pé wọ́n yí ọ̀gá wọn padà, bí ẹni pé ìjọba ni ó gbé e kúrò ní ilé ìwé àdúgbò wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí Fẹ́mi Ògúnrọ̀ḿbí gba ipò Papa Ajasco lọ́wọ́ Abíọ́dún Ayọ̀yinká, nínú eré Wálé Adénúgà. Òṣèré gidi ni Ògúnrọ̀ḿbí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, kò sí ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ èyí. “Kì í ṣe òun” ni gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n dá. N kò rò pé ẹjọ́ náà tọ́. Síbẹ̀ ó fi hàn pé ẹni tó ń wo eré ka ara rẹ̀ sí onílé nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ó ń dun àwa ará gúúsù Èkìtì ju ìyípadà òṣèré lọ, òun sì ni ó mú kí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Nínú ọ̀pọ̀ àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí ó ń sọ “ulé” dípò ilé ni ọmọ ọ̀dọ̀, òun ni ará oko, òun ni maígádì. Kò sí ohun tí ó burú nínú fífi Èkìtì ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa fúnra wa ni ọ̀gá níbẹ̀, ẹni tí ó bá gbọ́ ohun tí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ń sọ nípa àwọn ará ìlú tó múlé gbè wọ́n yóò mọ̀. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ohùn náà nìkan ni wọ́n mú wá, wọn kò mú ọgbọ́n inú rẹ̀ wá. Nígbà tí eléré bá ń ṣe òyìnbó níwájú Clapperton, ó ti wo òyìnbó dáadáa: ó mọ bí ó ṣe ń fín áṣáà, ó mọ bí ó ṣe ń rìn. Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ sí ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn lẹ́nu kò tíì wo ará Èkìtì kankan. Bí ó bá jẹ́ pé gbọ̀ngàn ìlú Ìkẹ́rẹ́ ni ó ti sọ ọ́, alẹ́ kan ṣoṣo ni yóò fi kọ́gbọ́n.

Gbọ̀ngàn náà ni kò sí mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1986, nígbà tí náírà já wálẹ̀ tí owó epo àti ohun èlò ọkọ̀ gòkè, tí ẹ̀rù àwọn adigunjalè sì ń ba ènìyàn láti jáde lálẹ́, àwọn ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò fọ́nká. Àwọn eléré gba inú fídíò lọ. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọdún 1996, tí Adó-Èkìtì sì ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti ìpínlẹ̀, ọkọ̀ eléré tí ń ké káàkiri ìgboro ti di ìtàn tí a ń sọ fún ọmọdé. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ń sanwó fún àwàdà ni ilé iṣẹ́ tí ó fẹ́ ta ọṣẹ tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí a rẹ́rìn-ín, bí a kò rẹ́rìn-ín, owó ti wọlé.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, kí eré náà tó parí, Yéye ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ nípa ìgbà tí Bàbá Sàlá wá sí ìlú, bí ọkùnrin kan láàárín òǹwòran ṣe dìde tí ó fẹ́ gba obìnrin kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ahun lórí ìtàgé, tí àwọn ènìyàn sì fà á jókòó. Ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe aago ọrùn náà. Àwọn ọmọ ti yí àga wọn padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó jáde lọ pa jẹnẹrétọ̀, ó ní kí a jẹ́ kí epo tó kù wà fún ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà.